Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìkìlọ̀ Ìfẹ̀yìntì nínú Ètò Kọ̀ǹpútà tó ń Ṣiṣẹ́ lórí Ọ̀pọ̀ Ẹ̀dà Python

Àṣamọ̀

Gbogbo èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ló ń yí padà bí ìgbà ti ń yí. Kí wọ́n tó yọ irinṣẹ́ kan kúrò nínú irú èdè bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń lò ó. Pépà yìí ṣe àgbéyẹ̀wò irú ìkìlọ̀ yìí nínú èdè Python, pàápàá jù lọ bí ó ṣe kan ẹni tí ètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà àtijọ́ àti ẹ̀dà tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. A ṣe àlàyé àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a lò, a tọpa ìtàn bí Python ṣe ń fi ìkìlọ̀ hàn tàbí tí ó ń fi í pamọ́ láti ọdún 2010, a sì fi àpẹẹrẹ méjì tó wáyé lóòótọ́ nínú èdè náà gbe àlàyé wa lẹ́sẹ̀. Èrò wa ni pé ìkìlọ̀ kò wúlò àfi bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ṣe àtúnṣe. Nítorí náà, iṣẹ́ òǹkọ̀wé ètò kì í ṣe láti pa ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́, bí kò ṣe láti darí rẹ̀ síbi tó yẹ.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ohun méjì ló wà nínú òwe yìí. Àkọ́kọ́ ni pé ìròyìn ogun ti dé etí arọ kí ogun tó dé. Èkejì ni pé arọ náà ní ọgbọ́n láti tètè wá ibi fara pamọ́ sí. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, ogun á bá a nílé.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo olùkọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni tó fi èdè Python kọ ètò kékeré kan tó ń ṣe ìṣirò máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Windows 7 ni àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní ẹ̀ka rẹ̀ ń lò. Ẹ̀dà Python tó kẹ́yìn tó lè ṣiṣẹ́ lórí Windows 7 ni 3.8, nítorí pé láti ẹ̀dà 3.9 ni wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ọ́fíìsì ìdánwò, ní tirẹ̀, ń lo ẹ̀dà 3.12. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ètò olùkọ́ yìí ti ń ṣiṣẹ́ geerege ní ẹ̀ka. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ tí èsì ìdánwò gbọ́dọ̀ jáde, wọ́n gbé ètò náà lọ sí ọ́fíìsì ìdánwò, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní ṣí. Ìlà kan ṣoṣo ló fa gbogbo wàhálà náà. Ohun tó bani nínú jẹ́ jù ni pé gbogbo ìgbà tí ètò yìí ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà 3.8 ni Python ń kìlọ̀ nípa ìlà yìí gan-an. Ìkìlọ̀ wà, kò dé etí ẹnikẹ́ni ni.

Ète pépà yìí ni láti ṣàlàyé ìdí tí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi í dé etí ẹni tó yẹ, àti ohun tí òǹkọ̀wé ètò lè ṣe kí ó lè máa dé. A kò kọ ọ́ fún onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Olùkọ́ èyíkéyìí tó bá ń kọ ètò fún iṣẹ́ rẹ̀, tàbí tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

2.0 Àlàyé Lórí Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fìdí àwọn ọ̀rọ̀-ìperí wa múlẹ̀ kí òǹkàwé má baà ṣì wá gbọ́.

Ẹ̀dà: Èyí ni èdè Python gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbé e jáde ní àkókò kan. Nọ́ńbà ni a fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀, bíi 3.8 tàbí 3.12. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé àmì tó wà láàárín kì í ṣe àmì ìdá. Ẹ̀dà 3.10 kì í ṣe ẹ̀dà 3.1, òun ni ó tẹ̀lé 3.9. A ó padà sí orí kókó yìí níwájú.

Ètò àyálò: Èyí ni ètò tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ tí a wá yá lò nínú tiwa, gẹ́gẹ́ bí èdè kan ti ń yá ọ̀rọ̀ lò láti inú èdè mìíràn.

Ìfẹ̀yìntì: A yan ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ó bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu ju 'ìparẹ́' lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì ṣì ń wá sí ibi iṣẹ́, ó ṣì ń gba owó oṣù, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sì lábùkù. Ohun tí lẹ́tà náà ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ni pé kí ó tètè wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irinṣẹ́ tí wọ́n ti kéde ìfẹ̀yìntì rẹ̀ nínú Python rí. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó pè é tí kò ní jẹ́.

Ìkìlọ̀ ìfẹ̀yìntì: Èyí ni lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí Python ń tẹ̀ jáde nígbà tí ètò kan bá pe irinṣẹ́ tó ń fẹ̀yìn tì. Ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí àṣìṣe. Àṣìṣe máa ń dá ètò dúró; ìkìlọ̀ kì í dá a dúró.

Asẹ́: Èyí ni òfin tó ń pinnu ìkìlọ̀ tí yóò jò jáde sí ojú kọ̀ǹpútà àti èyí tí yóò dúró sínú.

3.0 Bí Èdè Python Ṣe Ń Yí Padà

Guido van Rossum ló dá èdè Python sílẹ̀, ọdún 1991 ni ó sì kọ́kọ́ gbé e jáde fún aráyé. Ẹ̀dà 2.0 jáde ní ọdún 2000, 3.0 sì jáde ní ìparí ọdún 2008. Ìyípadà tí ẹ̀dà 3.0 mú wá pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ètò tí a kọ fún ìran ẹ̀dà 2 kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé a tún wọn ṣe. Ẹ̀dà 2.7, tó jáde ní ọdún 2010, ló kẹ́yìn nínú ìran ẹ̀dà 2, ìtọ́jú rẹ̀ sì dópin ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Fún ohun tó lé ní ọdún 11 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ètò àyálò fi sin ọ̀gá méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn èyí, díẹ̀díẹ̀ ni ìyípadà ń wọlé. Láti orí ẹ̀dà 3.9, tó jáde ní ọdún 2020, ẹ̀dà tuntun kan ni ó ń jáde ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, ọdún 5 ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹ̀dà bíi márùn-ún ló máa ń wà lábẹ́ ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, láìka àwọn tí ìtọ́jú wọn ti dópin ṣùgbọ́n tí àwọn ènìyàn ṣì ń lò lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí 3.8 tí ìtọ́jú rẹ̀ parí ní ọdún 2024. Ìlànà tó wà nínú ìwé òfin Python tí wọ́n ń pè ní PEP 387 ni pé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ hàn nínú ẹ̀dà méjì, ó kéré tán, kí wọ́n tó yọ irinṣẹ́ kan kúrò.

Níhìn-ín ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ ètò fún ọ̀pọ̀ ẹ̀dà. Irinṣẹ́ àtijọ́ lè máa kìlọ̀ lórí ẹ̀dà tuntun, nígbà tí irinṣẹ́ tuntun tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ kò tíì sí lórí ẹ̀dà àtijọ́. Bí ó bá di àtijọ́ mú, tuntun á máa kùn. Bí ó bá sáré lọ mú tuntun, àtijọ́ á dá iṣẹ́ sílẹ̀.

4.0 Ìkìlọ̀ àti Ẹni tí A Fi Rán Sí

Ní ayé àtijọ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló mọ ìtumọ̀ àrokò. Bí ìránṣẹ́ bá gbé àrokò tí a fi ránṣẹ́ sí ọba lọ fún ọmọdé tó ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ náà lè fi ṣe ohun ìṣeré, ọba kò sì ní gbọ́ ohunkóhun. Ìtàn ìkìlọ̀ nínú Python kò jìnnà sí èyí.

Oríṣi ìkìlọ̀ mẹ́ta ló kan ọ̀rọ̀ wa. PendingDeprecationWarning ni ìkìlọ̀ nípa ìfẹ̀yìntì tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà. DeprecationWarning ni ìkìlọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ ètò. FutureWarning ni èyí tí a fi ránṣẹ́ sí òǹlò, ìyẹn ẹni tó kàn ń lo ètò tí ẹlòmíràn kọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń hàn nígbà gbogbo. Àwọn méjì ìṣáájú kì í sábà hàn.

Wọn kì í fi DeprecationWarning pamọ́ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá lo ètò ló ń rí i. Akọ̀wé tó fẹ́ tẹ ìwé tàbí oníṣirò owó tó fẹ́ ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀ á kàn ṣàdédé rí ọ̀rọ̀ gígùn tí kò yé e, tí kò sì ní agbára láti ṣe ohunkóhun sí. Nítorí èyí, wọ́n fi í pamọ́ láti ẹ̀dà 2.7 ní ọdún 2010 àti 3.2 ní ọdún 2011. Ìpinnu yìí tu òǹlò lára, ṣùgbọ́n ó tún fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún òǹkọ̀wé ètò tí a torí rẹ̀ kìlọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀ pé irinṣẹ́ kan ń fẹ̀yìn tì títí ó fi lọ tán.

Ní ọdún 2018, ẹ̀dà 3.7 gba ọ̀nà àárín. Bí ìlà tó fa ìkìlọ̀ bá wà nínú fáìlì àkọ́kọ́ tí a fúnra wa pè, ìkìlọ̀ náà yóò hàn. Bí ó bá wà nínú fáìlì mìíràn tí fáìlì àkọ́kọ́ pè, yóò wà ní ìpamọ́. Òye Python ni pé ẹni tó ń lo fáìlì àkọ́kọ́ ni ó ṣeé ṣe jù pé òun náà ló kọ ọ́. Òye yìí dára, ṣùgbọ́n kò gba olùkọ́ inú àpẹẹrẹ wa là, nítorí pé ó ti pín ètò rẹ̀ sí fáìlì méjì kí ó lè rọrùn láti kà, inú fáìlì kejì ni ìlà náà sì wà.

5.0 Àpẹẹrẹ Méjì Láti Inú Python

5.1 Ìkóúnjẹ tó kúrò ní ilé àtijọ́

Ìlà tó dá ètò olùkọ́ yìí dúró nìyí:

from collections import Mapping

Mapping jẹ́ ọ̀kan nínú àkójọ àwọn irinṣẹ́ tó wà nínú collections tẹ́lẹ̀. Ní ẹ̀dà 3.3, tó jáde ní ọdún 2012, wọ́n kó wọn lọ sí ilé tuntun tí ń jẹ́ collections.abc, wọ́n sì fi ọ̀nà ilé àtijọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Láti ẹ̀dà 3.7 ni DeprecationWarning ti ń jáde fún ẹni tó bá gba ọ̀nà àtijọ́. Wọ́n ti pinnu láti tì í pa ní 3.9, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀dà kan kún un kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáwọ́ nínú ìran ẹ̀dà 2 lè rí àyè tún ètò wọn ṣe. Nígbà tí ẹ̀dà 3.10 jáde ní ọdún 2021, ọ̀nà náà ti dí. Ọdún 9 ni irinṣẹ́ yìí fi wà ní ilé méjì, síbẹ̀ ó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lójijì.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le rárá fún ẹni tí ẹ̀dà tó pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 3.3 tàbí èyí tó tẹ̀lé e:

from collections.abc import Mapping

Ẹni tó ṣì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí 2.7 ló nílò ọ̀nà méjì:

try:
    from collections.abc import Mapping
except ImportError:
    from collections import Mapping

Ẹ kíyè sí ètò tí a fi tò wọ́n. Ilé tuntun ni a kọ́kọ́ kàn. Bí kò bá sí, a padà sí ti àtijọ́. Bí a bá kọ́kọ́ kan ilé àtijọ́, ìlẹ̀kùn yóò ṣí lórí 3.7 sí 3.9, ìkìlọ̀ yóò sì máa jáde láìnídìí nígbà tí ilé tuntun wà nítòsí.

5.2 Aago tí kò sọ ibi tí ó wà

Àpẹẹrẹ kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ètò ló ń fi datetime.utcnow() mọ aago àgbáyé. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń sọ wákàtí láìsọ pé ti àgbáyé ni, bí ẹni tó ní 'aago méjì lù' tí kò sọ bóyá ti Èkó ni tàbí ti Lọ́ńdọ̀nù. Láti ẹ̀dà 3.12, tó jáde ní ọdún 2023, Python bẹ̀rẹ̀ sí kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ìkìlọ̀ náà gba òǹkọ̀wé nímọ̀ràn pé kí ó lo datetime.datetime.now(datetime.UTC) dípò.

Ìmọ̀ràn yìí tọ̀nà lórí 3.12. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà 3.11 ni datetime.UTC ti kọ́kọ́ jẹ yọ. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn náà bí ó ti wà yóò bọ́ lọ́wọ́ ìkìlọ̀ lórí 3.12, yóò sì kó sínú àṣìṣe lórí 3.8. Ẹ̀kọ́ ńlá ló wà níbí: ìkìlọ̀ ń sọ ohun tó bá ẹ̀dà tirẹ̀ mu, kò mọ àwọn ẹ̀dà mìíràn tí a ń sìn. Ìdáhùn tó bá gbogbo wọn mu wà, ó sì ti wà láti ẹ̀dà 3.2:

from datetime import datetime, timezone
datetime.now(timezone.utc)

Ewu kan ṣì kù. Aago tuntun yìí ń sọ ibi tí ó wà, ti àtijọ́ kì í sì í sọ ọ́. Bí a bá fẹ́ mọ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì, Python yóò kọ̀, yóò sì sọ ọ́ di àṣìṣe. Nítorí náà, bí àkọsílẹ̀ àtijọ́ bá kún fún aago tí kò sọ ibi tí ó wà, kí a má ṣe pààrọ̀ ìlà kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Ẹni tí kò tíì ṣe tán láti yí gbogbo rẹ̀ padà lè fi .replace(tzinfo=None) kún ìparí rẹ̀. Èyí yóò mú ìkìlọ̀ kúrò láìyí ìṣesí ètò padà, títí ọjọ́ àtúnṣe gidi yóò fi dé.

6.0 Àwọn Ìlànà Tó Yẹ Kí A Tẹ̀lé

6.1 Kí a kọ́kọ́ wá ìdáhùn tí ẹ̀dà tó pẹ́ jù lọ́wọ́ wa gbọ́. Gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú àpẹẹrẹ méjèèjì, irinṣẹ́ tó ń rọ́pò ti àtijọ́ sábà máa ń ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí ìkìlọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá wà, kò sí ìdí láti ya ọ̀nà méjì.

6.2 Bí ọ̀nà bá gbọ́dọ̀ yà, kí ó yà ní ojú kan. Kí a kó gbogbo ìbéèrè nípa ẹ̀dà sínú fáìlì kan ṣoṣo, kí àwọn fáìlì yòókù máa pe ìyẹn. Lọ́jọ́ tí a bá jáwọ́ nínú ẹ̀dà àtijọ́, ojú kan náà ni a ó ti gé e. Kí a sì fi nọ́ńbà bèèrè, báyìí:

if sys.version_info >= (3, 11):

Kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ sys.version bèèrè. Bí a bá ka ẹ̀dà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, '3.10' yóò ṣáájú '3.9', nítorí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà ń wò, 1 sì ṣáájú 9.

6.3 Kí asẹ́ wa má fẹ̀ jù. Ìgbà mìíràn wà tí ìkìlọ̀ ń ti inú ètò àyálò jáde, tí a kò sì lè tún un ṣe fúnra wa. A lè fi í pamọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ni kí a fi pamọ́:

warnings.filterwarnings(
    "ignore",
    message=r"datetime\.datetime\.utcnow",
    category=DeprecationWarning,
)

Ẹni tó kọ "ignore" lásán láìdárúkọ ohunkóhun ti di etí ara rẹ̀ sí gbogbo ogun tó ń bọ̀, àti èyí tó ti gbọ́ àti èyí tí kò tíì gbọ́. Ó tún dára kí a kọ ìdí tí a fi fi ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti ìgbà tí ó yẹ kí a yọ asẹ́ náà kúrò.

6.4 Nígbà ìdánwò, kí ìkìlọ̀ di àṣìṣe. Àṣẹ tí a ń lò ni:

python -W error maaki.py

Ètò yóò dúró níbi ìkìlọ̀ àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ nínú fáìlì àkọ́kọ́ tàbí nínú èyí tí ó pè. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo ìkìlọ̀ láìdá ètò dúró lè fi default rọ́pò error. Kí a ṣe ìdánwò yìí lórí ẹ̀dà tó pẹ́ jù àti èyí tó tuntun jù tí a ń sìn, nítorí pé wọn kì í kìlọ̀ nípa ohun kan náà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ fún òǹlò. Bí a bá ṣe é, ìkìlọ̀ kékeré láti inú ẹ̀dà tuntun kan yóò dá iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni dúró láìròtẹ́lẹ̀.

6.5 Bí àwa náà bá ń kìlọ̀, kí a kìlọ̀ dáadáa. Ẹni tó kọ ètò tí àwọn ẹlòmíràn ń yá lò yóò ní irinṣẹ́ tirẹ̀ tó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Kí ìkìlọ̀ rẹ̀ sọ ohun tó ń lọ, ohun tó rọ́pò rẹ̀, àti ẹ̀dà tí yóò lọ. Kí ó sì fi stacklevel=2 sí i. Bí kò bá sí i, ìlà inú ètò àyálò ni Python yóò tọ́ka sí. Bí ó bá wà, ìlà tí ẹni tó yá a lò kọ ni yóò tọ́ka sí. Láti ẹ̀dà 3.13, tó jáde ní ọdún 2024, warnings.deprecated ti wà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìrọ̀rùn. Ẹni tó ń sin ẹ̀dà àtijọ́ yóò lọ yá irú rẹ̀ láti inú typing_extensions, nítorí pé irinṣẹ́ tí a fi ń kéde ìfẹ̀yìntì pàápàá ní ẹ̀dà tí kò sí nínú rẹ̀.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú pépà yìí, a ti fi hàn pé ìkìlọ̀ ìfẹ̀yìntì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi rán ẹnì kan sí ẹnì kan. Nígbà tí Python ń pariwo sí etí gbogbo ènìyàn, òǹlò ni ó dà láàmú. Nígbà tí ó fi í pamọ́ fún gbogbo ènìyàn, òǹkọ̀wé ètò ni kò gbọ́. A tún fi hàn pé ẹni tó ń sin ọ̀pọ̀ ẹ̀dà kò gbọdọ̀ gba ìmọ̀ràn ìkìlọ̀ kan láìbi ẹ̀dà tó pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀ léèrè.

Kí á padà sọ́dọ̀ olùkọ́ wa. Bí ó bá ti lo àṣẹ -W error lẹ́ẹ̀kan péré lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ inú ẹ̀ka rẹ̀, ẹ̀dà 3.8 ìbá ti fi ìlà náà hàn án kí kọ̀ǹpútà tuntun tó dé. Ìlà kan ni ìbá yí padà, ètò rẹ̀ ìbá ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìbá sì jáde lásìkò. Fún ìdí èyí, a gbà á nímọ̀ràn pé kí àwọn tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìkọ̀wé ètò má ṣe dúró lórí pé ètò ṣiṣẹ́ lónìí nìkan. Kí wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé: kí ni kọ̀ǹpútà ń kìlọ̀ fún ọ nípa ọ̀la, ta ni ó sì ń gbọ́ ọ?